Ta Ni Yóò Sọ Pé Ọ̀nà Ti Já?

Bí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bá yọ, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ á kú, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀. Ojú ọ̀nà tí sọ́fítíwia fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ńkọ́, tí kò ní wáyà, tí kò níná?

Ohun méjì làwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ níbẹ̀: àṣẹ pé kí ọ̀nà ṣí, àti bóyá òdìkejì wà ní sẹpẹ́. Nínú Linux, bí ìbejì ni veth, ọ̀kan lára irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣe máa ń wá. Ẹ ṣí ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní títì: "LOWERLAYERDOWN" lẹ máa rí lára èyí tí ẹ ṣí. Àṣẹ ti wà, ọ̀nà kò tíì là.

Nínú VPP, sọ́fítíwia tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì, títì ni ojú ọ̀nà tuntun máa ń wà, àfi tí ẹ bá tẹ "set interface state tap0 up" (tap0 ni orúkọ ojú ọ̀nà náà). Ó dáa bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Ẹ kọ́kọ́ to àdírẹ́ẹ̀sì àti òfin yín ná. Ohun tó léwu ju ọ̀nà tó wà ní títì lọ ni ọ̀nà tó ti kú tó ń pe ara rẹ̀ ní alààyè: pákẹ́ẹ̀tì á máa wọbẹ̀ lọ, kò ní í débì kankan, ọ̀nà mìíràn tó ṣí gbayawu á sì wà lófo.