Simon Nkoli àti Ẹ̀tọ́ Tí Kò Ṣeé Pín Sí Méjì



Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ òní yìí síta rárá. Nígbàkigbà tí a bá mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé òyìnbó ló gbé e wá, pé kò sí adúláwọ̀ tó jà fún un rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ ní gbogbo ayé pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí irú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ilẹ̀ Áfíríkà ló wà. Gúúsù Áfíríkà ni. Inú ẹ̀wọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà sì gbà kọjá kó tó dé inú ìwé òfin, láàárín àwọn ọmọ dúdú tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fẹ́ rán lọ sọ́run.

Ọ̀kan nínú wọn ni Simon Nkoli. Soweto ni wọ́n bí i sí ní 1957, ó sì di ọ̀kan lára àwọn aṣáájú COSAS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ọlọ́pàá kò jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ọkùnrin ni ọmọ òun ń fẹ́, ó mú un kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ẹ má bú ìyá yìí. Ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí olónìí, ìfẹ́ ọmọ àti ìbẹ̀rù ẹnu ayé ló ń lé wọn kiri.

Ní Oṣù Kẹsàn-án 1984, àwọn ará Sebokeng àti àwọn ìlú tó múlé tì í ní agbègbè Vaal yarí nítorí owó ilé tí ìjọba fi kún. Ọlọ́pàá yìnbọn, òkú sùn. Ìgbà tí wọ́n ń sin àwọn òkú náà ni wọ́n mú Nkoli. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kan òun àti àwọn mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 22, Popo Molefe àti Mosiuoa Lekota sì wà lára wọn. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ lè gbé èèyàn dé ibi ìyẹ̀gi nígbà náà. Ìlú Delmas ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ ìlú yẹn ni ayé sì fi mọ̀ ọ́n.

Nínú àtìmọ́lé, wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n kan bá ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò pọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹnu àtẹ́ lu ẹni náà. Bí Nkoli bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Ó dìde, ó ní irú ẹni tí ẹ ń bú yẹn ni èmi náà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n ya ẹjọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ìjọba má baà fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbùkù gbogbo wọn. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Akọni ni wọ́n, wọ́n ti fi ẹ̀mí wọn wéwu kí ọmọ dúdú lè di ẹni tí a kà sí èèyàn. Síbẹ̀, ẹni tó jókòó tì wọ́n nínú àhámọ́ kan náà, wọn kò tíì kà á kún. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yé mi dáadáa títí mo fi kúrò ní ọ̀dọ́: ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n bá ara wọn sọ ọ́, wọ́n sì tún un sọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ẹjọ́ kan ṣoṣo ni, àwọn yóò jọ jẹ́ ẹ ni.

Níta ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan wà, GASA, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Nkoli sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n kọ̀ láti gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kì í dá sí òṣèlú. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n: ìgbà tí ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń jà fún irú ẹ̀tọ́ yìí gbọ́ ohun tí GASA ṣe, ojú tí wọ́n fi ń wò ó bàjẹ́, ẹgbẹ́ náà kò sì pẹ́ tó fi túká. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí Nkoli wà ní òkèèrè, ní Toronto ní Kánádà àti láwọn ibòmíràn.

Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní 1988. Lọ́dún yẹn kan náà, ó dá ẹgbẹ́ GLOW sílẹ̀ fún irú wọn, dúdú àti funfun lápapọ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 1990, òun àti Beverley Ditsie, ọ̀dọ́bìnrin Soweto, kó èèyàn jáde sí ìgboro Johannesburg láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn mìíràn fi àpò bébà bo orí kí wọ́n má baà pàdánù iṣẹ́. Nkoli sọ fún wọn níbẹ̀ pé òun kò lè gé ara òun sí méjì, kí dúdú òun gba òmìnira lónìí kí ìyókù máa dúró de ọ̀la.

Ẹgbẹ́ ANC tó léwájú nínú ìjà sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà pàápàá kò fìgbà gbogbo ríran dé ibẹ̀. Ní 1987, Ruth Mompati, ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, sọ ní London pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ìjà àwọn. Ariwo ta, Thabo Mbeki tí òun náà jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ náà sì kọ̀wé lọ́dún náà láti ṣàtúnṣe rẹ̀. Ní 1992, Edwin Cameron tó padà di adájọ́ tún fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Witwatersrand ro ẹjọ́ bí amòfin pé kí ìwé òfin tuntun dáàbò bo irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá jókòó láti kọ ìwé òfin tuntun náà, Lekota àti Molefe ti di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ ANC. Lekota sọ lẹ́yìn náà pé báwo ni àwọn ṣe fẹ́ yọ irú Nkoli sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ti èjìká bọ iṣẹ́ náà? Ẹ̀tọ́ náà wọ ìwé òfin onígbà díẹ̀ ti 1993, ó sì wà ní abala 9 ti ìwé òfin 1996.

Ní Oṣù Kẹwàá 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ìwé òfin fagi lé òfin tó sọ ìbálòpọ̀ akọsákọ di ìwà ọ̀daràn. Ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni àrùn éèdì pa Nkoli. Ní Oṣù Kejìlá 2005, Adájọ́ Albie Sachs kọ ìdájọ́ tó fún ilé aṣòfin ní oṣù 12 láti ṣí ọ̀nà ìgbéyàwó sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òfin tí ilé aṣòfin wá ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, ní àyájọ́ ọjọ́ tí Nkoli kú gan-an.

Lọ́dún 2006 yẹn náà, ní Khayelitsha, àwọn ọ̀dọ́kùnrin lu Zoliswa Nkonyana pa nítorí pé obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin ni. Ọmọ ọdún 19 ni. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ tó rán mẹ́rin nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé òfin ti yanjú gbogbo nǹkan ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ rán an létí ọmọ yìí. Àmọ́ òfin ló jẹ́ kí ìdílé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè kọrí sí, kí wọ́n sì máa dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́dọọdún títí ìdájọ́ fi dé.

Ẹ̀yin àgbà tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà wa níbí láti 1976, ẹ ó rántí owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín fún àwọn tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ẹ lọ́wọ́ nínú ìjà tí Nkoli jà. Nílé wa ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tó wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa fún ìbálòpọ̀ akọsákọ, Queensland ní Australia ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú àwòṣe rẹ̀ wá fún wa. Ìyẹn ni òyìnbó gbé wá. Àwa fúnra wa fi tiwa kún un ní Oṣù Kìíní 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba tàbí tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Lábẹ́ òfin yẹn ni wọ́n fi gbé ọkùnrin 47 lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó, àwọn tí ọlọ́pàá kó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹgbẹ́dá ní 2018. Ìjọba kò rí ẹlẹ́rìí mú wá, adájọ́ sì fagi lé ẹjọ́ náà ní Oṣù Kẹwàá 2020. Nígbà náà, ojú wọn ti hàn nínú ìròyìn, àwọn mìíràn ti pàdánù iṣẹ́ àti ẹbí.

Abala 42 ìwé òfin wa ka ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú àti jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, kò mẹ́nu ba irú ẹni tí ọkàn ẹni ń fà sí. Ṣùgbọ́n abala 34 ní iyì wà fún olúkúlùkù ènìyàn, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin lọ́yà fún ni pé kí ẹ gbé òfin 2014 yẹn síwájú adájọ́, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ abala 34, kí ẹ sì bi ilé ẹjọ́ bóyá àwọn ọkùnrin 47 yẹn wà lára olúkúlùkù.