Ilé Àlejò Láàárín Igbó Ẹranko

Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún kíkà sétígbọ̀ọ́ àwọn ará Alímọ̀ṣọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ irú ilé ìgbàlejò kéékèèké kan tí àwọn aládàáni ń kọ́ sí àárín igbó, níbi tí ènìyàn ti ń san owó kí ó lè sùn nítòsí erin àti ẹfọ̀n. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín. Bí erin bá wọ oko àwọn baba ńlá wa, ọdẹ ni wọ́n ń ké sí. Ta ni yóò wá fi owó ara rẹ̀ wá erin lọ? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kan àwọn igbó tí ó ṣẹ́ kù ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú.

Sàfárì ni wọ́n ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Láti inú èdè Swahili ti ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, inú èdè Lárúbáwá ni àwọn ará ibẹ̀ sì ti mú un. Ìrìn àjò lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Ààfáà tí ó wà láàárín yín yóò ti dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó gba ọ̀rọ̀ yìí lò, ìrìn àjò ìbọn ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ní ọdún 1909, Theodore Roosevelt, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀, wá sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Kẹ́ńyà lónìí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹranko tí àwọn méjèèjì pa ní ìrìn àjò náà lé ní 500. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Kẹ́ńyà fi òfin de irú ọdẹ afẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà wá, kámẹ́rà ni àlejò ń gbé lọ sí igbó wọn.

Kò di ìgbà tí a bá lọ sí Kẹ́ńyà kí a tó rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Gánà, nínú igbó ọba tí ń jẹ́ Mole, ní ìhà àríwá, nítòsí ìlú Damongo. Ní ọdún 1958 ni wọ́n ya igbó náà sọ́tọ̀ fún ẹranko, ní ọdún 1971 ni ó sì gba ipò igbó ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè. Nǹkan bí 4,840 kìlómítà níbùú lóròó ni ó gbà. Ẹ fi ojú inú wò ó: Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀, tòun ti ọ̀sà rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Ní Alímọ̀ṣọ́ níhìn-ín nìkan, ìkànìyàn ọdún 2006 rí ènìyàn 1,277,714. Ní Mole, ẹranko ni ó ni ilẹ̀. Irú ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀ lé ní 90, irú ẹyẹ ibẹ̀ sì lé ní 300. Kì í ṣe pé igbó náà ṣófo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ o. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ti ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kó wọn jáde. Kò yẹ kí ẹni tí ó bá lọ najú níbẹ̀ gbàgbé pé ilẹ̀ baba àwọn kan ni òun ń tẹ̀.

Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣí ilé àlejò aládàáni kan tí ń jẹ́ Zaina sínú igbó Mole yìí. Ilé kéékèèké 25 péré ni ó ní. Ilé àlejò àtijọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, orí òkè ni a kọ́ ọ sí, ènìyàn sì lè jókòó síbẹ̀ kí ó máa wo erin tí ń wẹ̀ nínú omi nísàlẹ̀. Bí owó ẹni bá mọ níwọ̀n, mo gbà pé èyí tó ó lọ, nítorí pé erin kan náà ni olówó àti mẹ̀kúnnù ń wò.

Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kí oòrùn tó yọ ni àlejò ti ń jí. Yóò mu tíì gbígbóná, yóò wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, àti aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ tàbí ti koríko gbígbẹ. Aṣọ funfun báláú kò yẹ fún ibẹ̀, òórùn dídùn tí a fi sára kò sì yẹ. Wọn yóò wọ mọ́tò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ igbó tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ìbọn náà wà nítorí ewu ni, kì í ṣe nítorí ẹran. Gbogbo wọn ni yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ̀ṣọ́ ni yóò máa wo ilẹ̀: ipa ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀, imí tí ó ṣì tutù, ẹ̀ka igi tí a ṣẹ́ ní òru àná. Yóò máa kíyè sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí pé ojú erin kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bí sí ìdílé ọlọ́dẹ yóò rí i pé kò sí ohun tuntun nínú gbogbo èyí. Ìmọ̀ ọdẹ ni, ohun tí a fi í ṣe ni ó yàtọ̀.

Bí oòrùn bá ti mú, ẹranko a lọ sí ibòji, àlejò náà a padà wálé láti jẹun kí ó sì sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn yóò tún jáde. Wọ́n lè rí egbin, ìgalà, ẹfọ̀n, ìmàdò tí ó gbé ìrù sókè bí ó ti ń sáré, àti ọ̀nì létí omi. Kìnnìún kì í sábà yọjú níbẹ̀, ẹni tí ó bá ṣèlérí rẹ̀ fún yín ń tan yín ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àlejò kò gbọdọ̀ dá rìn láti ilé kan sí èkejì. Yóò dúró de ẹ̀ṣọ́. Kò sì gbọdọ̀ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu ní ọ̀sán, nítorí pé ìnàkí mọ bí a ti ń wọlé jí oúnjẹ ju ọmọ alágbàtọ́ lọ.

Kí ni àlejò ń ra gan-an? Kì í ṣe ibùsùn, nítorí ibùsùn wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ohun tí ó ń ra ni pé erin dúró kò sá. Erin tí wọ́n ń yìnbọn sí kì í dúró kí ènìyàn wò ó. Yóò sá, tàbí kí ó kọjú ìjà. Kí erin tó lè máa jẹ ewé lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú ènìyàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ẹlòmíràn ti gbọ́dọ̀ fi pa ọwọ́ mọ́. Àwọn wo ni? Àwọn ará abúlé tí ó yí igbó ká ni. Bí ará abúlé bá ta egbin kan létí títì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gba owó rẹ̀. Bí egbin náà bá wà láàyè, lójoojúmọ́ ni àlejò yóò máa san owó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ta ni owó ojoojúmọ́ yìí ń bọ́ sí lọ́wọ́? Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ sí àpò onílé àlejò ní ìlú ńlá, kò sí ìdí tí ebi yóò fi pa ará abúlé kí ó sì máa ṣọ́ ẹran fún ẹlòmíràn. Èyí ni mo fi ń ka abúlé Mognori, lẹ́bàá igbó Mole, sí. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò lórí odò, tí wọ́n sì ń fi bí a ti ń ṣe òrí hàn wọ́n. Ilé àlejò tí kò bá ra iṣu aládùúgbò rẹ̀, tí kò sì gba ọmọ aládùúgbò rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ó ju ilẹ̀ gbígbá lọ, ó ń gbẹ́ kòtò sí ìdí ara rẹ̀.

Ohun kejì tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni àlàáfíà. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, igbó ńlá kan wà tí ń jẹ́ Pendjari, tí òun náà lókìkí fún erin àti kìnnìún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tí ń ṣe amọ̀nà wọn. Ọmọ ogun Faransé méjì ni ó kú kí wọ́n tó gba àwọn tí a jí gbé náà sílẹ̀ ní Burkina Faso. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ti rí ní oṣù tí ó fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe bí ó ti rí ní ọdún tí ó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Nínú igbó Ọmọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá ọ̀nà tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọrẹ, erin ṣì wà títí di àkókò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba ọ̀nà náà kọjá láìmọ̀ pé ẹranko bẹ́ẹ̀ wà nítòsí. Ní ọdún 1925 ni wọ́n sọ ọ́ di igbó ọba, ní ọdún 1977 sì ni àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n oko kòkó àti àwọn agégi ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ní igbó ìpamọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, níbi tí àwókù ìlú àwọn Aláàfin ìgbàanì wà nínú ọ̀dàn kan náà pẹ̀lú egbin àti ẹfọ̀n. Àwọn kan a máa sọ pé kí a yára kọ́ ilé àlejò tí ó rẹwà sí irú ibẹ̀, owó yóò sì dé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí a ń san owó rẹ̀ déédéé ni ó gbọdọ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà àdéhùn pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọdẹ tí ó ti wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilé. Ilé kì í bí erin.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Mole, ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gánà, nítorí àdéhùn ECOWAS. Pásípọ́ọ̀tù àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni kí ẹ mú dání. Láti Accra, Tamale ni a ń gbà lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí àwọn odò kéékèèké sì ti gbẹ, tí ẹranko fi ń kóra jọ síbi omi tí ó ṣẹ́ kù. Ẹ má ṣe gbàgbé oògùn ibà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a lè bẹ̀rẹ̀ láti Lẹ́kì. Ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ń tọ́jú wà níbẹ̀, hẹ́kítà 78 ni, ó sì ní afárá kan tí ó gùn ní mítà 401 tí a so sókè láàárín orí igi. Láti Ìkọ̀tún, ènìyàn lè jí lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ilé àlejò àti erin kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bọ wà. Bí ẹ bá mú ọmọdé lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n mú búrẹ́dì lọ́wọ́.