Ipa Tí Ìṣàkóso Yunifásítì Ń Kó Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

  Mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ti ṣe fún ọdún 30.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń bi àwa olùkọ́ yunifásítì pé, "Ìwádìí wo lẹ ń ṣe tí ìlú kò rí?" Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá olùkọ́ lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọpọlọ olùkọ́ nìkan kò lè bí ìwádìí. Bí àwọn tí ń ṣàkóso kò bá tọ́jú àkókò, owó àti irinṣẹ́ rẹ̀, asán ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì fi oṣù 14 gba ẹ̀jẹ̀ màlúù ní odò ẹran àti ní àgọ́ àwọn Fúlàní, kí a lè mọ àìsàn tí eégbọn ń kó ràn wọ́n. Inú firísà ni a tọ́jú rẹ̀ sí. Iná lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Jẹnẹrétọ̀ wà, owó dísẹ́ẹ̀lì náà wà, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí a tó rà á, ọ̀kan nínú wọn sì ti rìnrìn àjò. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ajé, gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà ti bàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì pa ìwé tì, ó lọ ń ta oògùn ẹran. Títí di òní, bí mo bá rí i, n kì í mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo ibi ni ó rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ní Àríwá tí a ń gbé, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí IAR wà ní Samaru, ní Zaria. Ọdún 1922 ni iṣẹ́ ìwádìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó sì bọ́ sábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Kòkòrò kan wà tí ó máa ń wọ inú èèpo ẹ̀wà lóko tí ó ń jẹ ọmọ rẹ̀. Maruca ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀wà tí kòkòrò yìí kò lè bà jẹ́ wò lóko ní Zaria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohammad Ishiyaku ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ìparí ọdún 2019 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, SAMPEA 20-T. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí irú irúgbìn bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tí iṣẹ́ náà kò fi kú ni mo ń tọ́ka sí.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Òfin 2003 sọ pé ọdún márùn-ún péré, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ yóò lò. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá yóò lo ju gíwá kan lọ. Bí gíwá tuntun bá ń dé tí ó ń tú ohun tí ẹni àná ṣe, kò sí ìwádìí tí yóò dàgbà. IAR ní oko tirẹ̀ àti olùdarí tirẹ̀. Ètò ni ó yẹ kí ó gbé ìwádìí ró, kì í ṣe ojúrere ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Àjọ TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ń fún àwọn olùkọ́ ní owó ìwádìí. Ṣùgbọ́n kí owó dé yunifásítì yàtọ̀ sí kí ó dé ọwọ́ olùwádìí. Owó iṣẹ́ oko tí fáìlì rẹ̀ ń ti orí tábìlì dé orí tábìlì títí di oṣù Kọkànlá, òjò ti dá kí ó tó jáde.

Ẹ̀kẹta ni ìgbéga. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka iye àpilẹ̀kọ láìka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, olùkọ́ yóò wá iye. Yóò sanwó fún jọ́nà tí kò sí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀. Ohun tí a bá ń yìn ni ọmọ wa ń ṣe.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi lé àwọn gíwá lórí. Ìyanṣẹ́lódì 2022, láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, wáyé láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ ASUU. Àkókò òjò ọdún kan odindi ni ó bá a lọ. Àwa olùkọ́ pàápàá, ọ̀lẹ kò tán láàárín wa.

Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe? Àwọn kan nínú yín wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì. Àwọn mìíràn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ń dáwó fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kí ẹ tó dáwó kọ́ ẹnu ọ̀nà tuntun, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni ó ń ṣọ́ iná firísà ní òpin ọ̀sẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni owó ìwádìí ń lò kí ó tó kan olówó rẹ̀? Kí ni ẹ ń kà kí ẹ tó gbé olùkọ́ ga? Bí ẹni kan bá bi wọ́n, wọ́n lè má dáhùn. Bí gbogbo wa bá bi wọ́n, wọn yóò dáhùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.