Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Gbé Ìdààmú Ọkàn Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ẹ ti gbọ́ púpọ̀ nípa ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba ni mo mú wá lónìí, èyíinì ni àìsàn tí ń bá ọkàn jà.

Àwọn àgbà a máa wí pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, ìwòsàn rẹ̀ a di ìṣòro. Ìkìlọ̀ ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí fún àwa ẹbí, pé kí a tètè wá ìtọ́jú; ṣùgbọ́n àwa a máa fi í ṣe àwíjàre láti kọ aláìsàn sílẹ̀. Ìtọ́jú wà fún ẹni tí ó ti wọ ọjà pàápàá. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọjà, ó ti wà nínú ilé wa fún ìgbà pípẹ́, a sì ń bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Àkókò náà gan-an ni ìtọ́jú ìbá rọrùn jù.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni àìsàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná kò ní rẹ́rìn-ín. Ìtùnú ará àti àdúrà a máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ró, bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́, ara a máa tù ú. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ènìyàn bá rẹ̀wẹ̀sì láti òwúrọ̀ di alẹ́, lójoojúmọ́, tí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí oorun bá kọ̀ tí kò wá. Bí oúnjẹ kò bá lọ lọ́nà ọ̀fun. Bí ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò bá wù ú mọ́. Tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń bàjẹ́, ó tó gẹ́ẹ́ láti lọ rí dókítà. Àwọn mìíràn kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọn a ní orí ń gbóná, tàbí pé nǹkan kan ń rìn lára àwọn. A ó tọ́jú ibà títí, kò ní san.

Àwọn kan wà tí a kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì fún: ẹni tí ń sọ pé ikú yá òun ju ayé lọ, ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, abiyamọ tuntun tí kò sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́ségesège, èyí tí à ń pè ní abísínwín. Ọjọ́ náà ni kí a gbé e lọ. Kí a má fi òun nìkan sílẹ̀, kí a sì kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé. Bí a bá bi í bóyá ó ń ro ikú, ìbéèrè náà kò ní gbin èrò ikú sí i lọ́kàn.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ilé ìwòsàn túmọ̀ sí àtìmọ́lé. Ẹ rántí Aro ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ètò kan sílẹ̀ níbẹ̀: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan tí ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ayé gbọ́ nípa ètò náà. Ó fi hàn pé dókítà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò bá àdúrà jà. Ẹ máa gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀wọ̀n tàbí pàṣán kún un.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìtọ́jú ni oògùn. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé aláìsàn yóò jókòó ti ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà, ní àkókò tí a dá, yóò sọ ohun tí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, a ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe tún ìrònú àti ìgbé ayé rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí láìkọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 2022 ni nọ́ńbà tẹlifóònù 988 ti wà fún ẹni tí ìdààmú bá dé bá. Àwa tí a wà nílé kò ṣàìjẹ̀bi: a ń béèrè owó lọ́wọ́ yín, a kì í béèrè bí ẹ ti ń sùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí Ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ó mọ àṣírí í pa mọ́, kí wọ́n máa bẹ ẹni tí a kò rí mọ́ ní ìpàdé wò. Kí a sì yọ díẹ̀ nínú owó tí a ń dá fún ìsìnkú, kí a fi san owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú aláìsàn tí kò ní. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Kí Elédùmarè bá wa tún ìlú wa ṣe.