Ẹ̀dọ̀, Wáfárìn àti Flagyl

Wáfárìn ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ wo géètì èbúté Tin Can ní Àpápá. Bí ọ̀nà àbájáde bá dí, tírélà á tò dé orí afárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáfárìn ṣe ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ bá falẹ̀.

Oògùn Flagyl sì máa ń fa ọwọ́ ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn. Ẹlòmíràn á ní, "Flagyl kẹ̀? Ṣebí gbogbo wa la ń rà á ní kẹ́místì fún inú rírun." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lo wáfárìn lọ̀rọ̀ yẹn bá mu. Bí ẹni tó ń lo wáfárìn bá gbé Flagyl mì, bí kò tilẹ̀ fi kún wáfárìn rẹ̀ rárá, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà ní imú, ní erìgì, àní nínú ọpọlọ tójú kò tó. Ẹ̀yin tó ń lo wáfárìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gbé Flagyl mì.