Ta Ni Iṣẹ́ Abẹ Imú Ń Tù Lára Jù?
Ẹni tí imú rẹ̀ ti dí láti ọdún dé ọdún, tí kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́, kò ní ṣàì béèrè pé bí a bá fi abẹ ṣí ihò inú egungun ojú òun, ṣé ara yóò tu òun? Ìbéèrè 22 kan tí wọ́n ń pè ní SNOT-22 ni àwọn dókítà fi ń wọn ìnira aláìsàn. Máàkì 110, èyí tí ó túmọ̀ sí ìnira tó ga jù, ni òpin rẹ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ẹni tí ìyà jẹ jù ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni ó sábà ń rí ìtura jù. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 20, bóyá ni yóò fi mọ ìyàtọ̀. Àwòrán inú orí nìkan kò tó láti fi sọ ẹni tí ara yóò tù. Ojú olójú kò kúkú jọ ojú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ikọ́ fée, tí ẹran sì ń hù nímú rẹ̀, bí a tilẹ̀ gé e, ó lè tún hù.