Èdè Japan Gba Sùúrù

Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, tó wá fẹ́ kọ́ èdè Japan, iṣẹ́ ńlá ló dáwọ́ lé. Ìjọba Amẹ́ríkà ya nǹkan bíi wákàtí 2,200 sọ́tọ̀ láti fi kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè yìí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń kẹ́yìn gbólóhùn nínú èdè Japan. "Mo jẹ ẹja" di "sakana o tabemashita": ẹja ló ṣáájú, jíjẹ ló gbẹ̀yìn, "mo" kò tiẹ̀ yọjú. Àfi kéèyàn gbọ́ ọ dópin kó tó mọ̀ bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tàbí wọn ò jẹ ẹ́.

Ti kanji, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé tó ń dúró fún ọ̀rọ̀, ló wá le jù. Àmì tí wọ́n fi ń kọ òkè, "yama" ni bó bá dá dúró. Lára orúkọ òkè Fuji, ó di "san". Irú àmì bẹ́ẹ̀ 2,136 ló wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba Japan fún ìlò ojoojúmọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko làwọn ọmọ Japan fúnra wọn fi ń kọ́ 1,026 nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú síra yín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kọ́ àmì kan lónìí, kí ẹ kọ́ òmíràn lọ́la.